Agolo Kẹfà Lórí Ẹ́ńjìnnì

Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbà mí gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́, kó gbà á. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó máa bá tiẹ̀ lọ. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. Mi ò mutí, mi ò sùn, ara mi sì dá ṣáṣá. Àpá iná tó wà ní àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe àlá ló jó mi.

Ẹ má sì rò pé òru ni o. Ọ̀sán gangan ni, lọ́jọ́ Jímọ̀, ní Ṣógúnlé, tí oòrùn ń ta ganrínganrín. Àwọn tó ní òru nìkan ni òkú ń rìn, wọn ò tíì bá òkú tí ebi ń pa pàdé ni.

Mẹkáníìkì ni mí, lọ́rì àti típà ni mò ń tún ṣe. Ṣùgbọ́n kí n tó di mẹkáníìkì aráàlú, iṣẹ́ ológun ni mo ṣe, lọ́rì ni mo sì ń wà fún wọn ní òkè Ọya lọ́hùn-ún, níbi tí a ti ń bá àwọn agbésùnmọ̀mí jà. Àwa mẹ́fà la máa ń wà nínú ọkọ̀ mi. Nínú àwa mẹ́fà, ẹni mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: èmi dírẹ́bà, Sájẹ́ńtì Láyí tó jẹ́ ọ̀gá wa, àti Mùfú.

Ọmọ Okota ni Mùfú. Abẹ́òkúta ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Okota ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì títí dòní. Ọdún kan péré ni mo fi jù ú lọ. Kì í pe orúkọ mi. "Dírẹ́bà mi" ló máa ń pè mí, bí ẹni pé òun nìkan ni mò ń gbé kiri.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń jẹun, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí fìdí sí.

Tí a bá ń lọ sójú ogun, oúnjẹ inú agolo ni wọ́n máa ń pín fún wa: ẹ̀wà, ẹja, àti bisikíìtì kan tó le débi pé èèyàn lè fi kan ìṣó. Ráṣọ̀n la ń pè é. Tútù ni, ó sì máa ń sú èèyàn. A ò gbọ́dọ̀ dáná, torí ẹni tó bá dáná ní aṣálẹ̀ ti ránṣẹ́ pe ọ̀tá pé kó wá bá òun jẹun nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ la fi ń gbé oúnjẹ wa kaná.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Páìpù tí èéfín ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnnì, tí ọkọ̀ bá ti rìn fún ogún ìṣẹ́jú, ó gbóná ju ààrò ìyá yín lọ. Èmi fúnra mi ni mo fi wáyà líle hun pẹpẹ kékeré kan sórí rẹ̀, ojú ihò mẹ́fà fún agolo mẹ́fà. A ó fi ìṣó lu orí agolo kí ooru ráyè jáde. Ẹni tó bá gbàgbé, ẹ̀wà á bú gbàù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, a ó sì máa gbóòórùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀kan nínú wa tiẹ̀ fi omi inú ràdíétọ̀ po tíì lọ́jọ́ kan. Ìgbẹ́ gbuuru tó fi san án, ó sọ pé òun ò ní gbàgbé láéláé.

Kálukú ló ní àmì tó ń fi ìṣó ha sára agolo tirẹ̀. Tèmi, ìlà méjì. Ti Mùfú, oṣù tuntun pẹ̀lú ojú ìṣó kan lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ò nílò àmì láti mọ ti Mùfú, torí irú. Ìyá rẹ̀ máa ń sá irú gbẹ, á lọ̀ ọ́ mọ́ ata, á fi ránṣẹ́ sí i láti Okota. Mùfú á gé etí agolo díẹ̀, á bu irú sí i, á padà tẹ̀ ẹ́ pa. Gbogbo ọkọ̀ á máa rùn. A ó máa bú u, a ó sì máa tọrọ níbẹ̀.

Òfin kan wà tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan, àwa la ṣe é fúnra wa. Ọkọ̀ kì í gbéra bí agolo ẹnìkan bá ṣì wà lórí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá wà níbi ìṣọ́, tirẹ̀ á wà níbẹ̀ lórí ooru dè é. Bó bá dé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú un. Torí náà, nínú òkùnkùn, tí a ò lè ka orí ara wa, dírẹ́bà á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá bá agolo kan, ẹnìkan ò tíì wọlé. Bó bá wá jẹ́ pé ẹni náà ti kú, ọ̀gá á fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú agolo rẹ̀ kúrò. Ojú dírẹ́bà ló sì gbọ́dọ̀ rí i pé ẹ́ńjìnnì mọ́, kì í ṣe ojú ẹlòmíràn.

Òfin yẹn, èmi ni mo rú u.

Ìdájí ni. A ti rin ìrìn wákàtí méjì, a dúró láti jẹun. Mùfú lọ síbi ìṣọ́ lábẹ́ igi dóńgóyárò kan tó jìnnà sí wa díẹ̀. Àwa márùn-ún mú agolo wa, tirẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù lórí ẹ́ńjìnnì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí tèmi ni ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ ibi tí agolo ọwọ́ mi bọ́ sí. Mo ti wà lórí ìjókòó, mo ti tan ọkọ̀, kí n tó rántí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Mo ṣí ilẹ̀kùn láti bọ́ sílẹ̀. Sájẹ́ńtì Láyí fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn náà padà mọ́ mi.

"Wà á! Gbogbo wa ti wọlé."

"Agolo ńkọ́, sà?"

"Mo ti mú u. Ẹ́ńjìnnì mọ́. Wà á, jàre!"

Mo wà á. Mi ò wò. Ọ̀gá mi ni, ẹ̀gbọ́n mi ni, ẹni tó ti fà mí yọ lẹ́nu ikú lẹ́ẹ̀mejì ni. Bí mi ò bá gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́, ta ni kí n gbà gbọ́?

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn ológun wa tó kù, bíi wákàtí kan lẹ́yìn náà, Láyí ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n jókòó, kí n sinmi, òun á bá mi wo omi ẹ́ńjìnnì. Mo gbọ́ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo gbé orí lé sítíárì ọkọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ẹ̀gbẹ́ mi pẹ̀lú abọ́ pán-ún kan lọ́wọ́.

Ó ní Mùfú ti lọ. Ó ní ìbọn àkọ́kọ́ ló bá a, òun fojú ara òun rí i, kò tiẹ̀ ké. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun fi mú agolo rẹ̀ kúrò, òun ò kàn fẹ́ kí n gbọ́ ọ nígbà tí ọwọ́ mi ṣì wà lórí ọkọ̀.

"Jẹun, Dírẹ́bà," ó ní. "Ọ̀nà ṣì jìn."

Ẹ̀wà ni. Ó ń ta sánsán irú. Mo rò pé abọ́ Mùfú ni, pé irú ti wọ ara pán-ún náà. Mo sunkún sínú abọ́ yẹn, mo sì jẹ ẹ́ tán. Ebi ń pa mí.

Wọn ò rí òkú Mùfú gbé wálé. Nígbà tí wọ́n fún wa láyè, èmi àti Láyí la jọ lọ sí Okota lọ bá ìyá rẹ̀. Lójú ọ̀nà ni Láyí ti sọ fún mi pé kí n sọ pé èmi ni mo rí i. Ó ní ó máa tu ìyá náà nínú jù bó bá ti ẹnu ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ jáde. Mo kúnlẹ̀ níwájú obìnrin náà, mo dì í lọ́wọ́ mú, mo ní, "Màmá, mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Kò jẹ̀rora rárá." Mo rò pé àánú ni mo ṣe.

Láti ọdún náà ni Ìyá Mùfú ti ń gbé ẹran pamọ́ dè mí ní gbogbo Iléyá. Èmi ọmọ Èkìtì, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, n ó wọ ọkọ̀ láti Ṣógúnlé lọ gba itan àgbò ní Okota. Á jókòó tì mí, á ní kí n tún sọ ọ́ fún òun, pé ọmọ òun ò jẹ̀rora. N ó tún sọ ọ́.

Láyí náà ò já mi sílẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, ó ń gbé ní ẹ̀sítéètì Jákàńdè ní Ìsọlọ̀. Nígbà tí mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun tí mi ò ní ibi tí mo máa fi orí lé, òun ló bá mi wá ààyè ṣọ́ọ̀bù ní Ṣógúnlé. Ọkọ̀ ológun àtijọ́ ló ń rà ní gbàǹjo, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń kó wọn wá. Ó wà níbi ìsọmọlórúkọ àwọn ọmọ mi méjèèjì. Mo máa ń fi í yangàn fún àwọn èèyàn, pé bí wọ́n bá ń pín ẹ̀gbọ́n lọ́jà, òun ni n ó mú.

Ẹ̀yìn Iléyá tó kọjá ló fa lọ́rì kan wá. Ó rà á mọ́ àwọn mìíràn ní gbàǹjo, wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó fẹ́ kí n sọ ọ́ di ọkọ̀ tí yóò máa gbé omi. Kò ní bátìrì. Mo gbé e lé búlọ́ọ̀kù, mo tú táyà iwájú méjèèjì. Ní Ọjọ́bọ̀, mo yọ pọ́ńpù tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní díísù, mo gbé e sórí tábìlì iṣẹ́ mi. Ìgbà tí mo ń yọ ọ́ ni mo rí i.

Pẹpẹ wáyà. Ojú ihò mẹ́fà. Ó ti dípẹtà, ṣùgbọ́n èèyàn kì í gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Mo mọ bí mo ṣe máa ń lọ́ wáyà.

Mo pe Láyí lórí fóònù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ wa rèé o. Ọkọ̀ wa gan-an ni ẹ rà." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo ọkọ̀ ológun ló jọra wọn. Ó ní kí n gé wáyà yẹn dànù kíákíá. Kíákíá yẹn ṣe mí ní kàyéfì, ṣùgbọ́n mi ò rò ó síwájú. Mi ò gé e.

Ọjọ́ kejì ni Jímọ̀.

Àwọn tí a jọ wà ní àdúgbò ṣọ́ọ̀bù náà, Mùsùlùmí lèyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí agogo kan kọjá, gbogbo wọn ti lọ kírun. Ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti pa gbogbo tirẹ̀. Ibi tí ariwo kì í tán, ó pa lọ́lọ́. Mo jókòó, mò ń fọ nọ́ọ̀tì nínú epo.

Mo gbóòórùn irú.

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnìkan ń se ọbẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Mo wo ẹ̀yìn ògiri, kò sẹ́nìkan. Òórùn náà ń le sí i. Kì í ṣe irú nìkan. Irú, ata gbígbẹ, ẹ̀wà, pẹ̀lú òórùn díísù tó jó. Mi ò tíì gbóòórùn àpapọ̀ yẹn níbòmíràn láyé mi àfi ní ibì kan ṣoṣo. 

Mo tẹ̀lé òórùn náà. Ọ̀dọ̀ lọ́rì ló gbé mi lọ.

Mo fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbóná. Ẹ̀yin náà á ní oòrùn ló pa á. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe sọ fún ara mi. Ṣùgbọ́n abẹ́ páànù ló wà, oòrùn ò dé ibẹ̀.

Mo ṣí i.

Agolo kan wà lórí pẹpẹ, ní ojú ihò kẹfà. Agolo tuntun tó ń dán, ooru ń rú jáde nínú ojú ìṣó tó wà lórí rẹ̀, etí rẹ̀ kan ni wọ́n ti gé tí wọ́n padà tẹ̀ pa. Lára rẹ̀ ni oṣù tuntun wà, àti ojú ìṣó kan lábẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní pọ́ńpù, tí kò ní bátìrì, ló ń se ẹ̀wà.

Mo na ọwọ́. Mi ò mọ ohun tó mú mi nà á. Àtàǹpàkò mi kàn án, ó jó mi, mo fà á padà.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi le, ọ́ìlì ti sọ ọ́ di dúdú, tí èèyàn bá ń rìn lórí rẹ̀ gbà-gbà ló ń dún. Èyí ò dún bẹ́ẹ̀. Ó ń dún bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wọ́ yanrìn, ẹni tó ti sáré tó ti rẹ̀. Ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ní òdìkejì ibi tí mo dúró sí.

Ó dúró.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yọjú lábẹ́ ọkọ̀. Bàtà ológun méjì ni mo rí. Wọ́n so okùn ọ̀kan, okùn ìkejì ń wọ́lẹ̀. Yanrìn ń dà wìrìwìrì sílẹ̀ lára rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ohùn náà wá, jẹ́jẹ́, ohùn ẹni tí èémí rẹ̀ ò tíì balẹ̀.

"Dírẹ́bà mi. O mà dúró dè mí."

Àwọn àgbà ní kéèyàn má dá ohùn tí kò rí olóhùn lóhùn. Mi ò dá a lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Mo di ẹnu mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo gbọ́ tí agolo dún lókè orí mi, bí ìgbà tí wọ́n bá yọ ọ́ nínú wáyà. Mo gbọ́ ṣíbí. Ó jẹun díẹ̀díẹ̀, ó ń rọra ha inú agolo bí ẹni tí kò fẹ́ kó tán. 

Nígbà tí àwọn tó lọ kírun bẹ̀rẹ̀ sí í padà dé, mo dìde. Kò sẹ́nìkan. Kò sí agolo. Ní òdìkejì ọkọ̀, lórí ilẹ̀ dúdú yẹn, yanrìn kan wà níbẹ̀, funfun lẹ́búlẹ́bú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dé òkè Ọya rí mọ̀ ọ́n. Kò sí irú rẹ̀ ní Èkó.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù ló gbé mi dìde níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ ni. Ẹni tí ìbọn àkọ́kọ́ pa, tí kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun kú, kí ló fẹ́ kí wọ́n dúró de òun fún? Ẹsẹ̀ tí mo gbọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ẹni tó sáré ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti dé Jákàńdè. Láyí jókòó síwájú ilé, ó ń fi omi gbígbóná tẹ orúnkún rẹ̀.

"Dírẹ́bà, ṣé kò sí?"

Mi ò kí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló mú agolo Mùfú?"

"Agolo wo?"

Mo na àtàǹpàkò mi sí i, mo sì sọ ohun tí mo rí. Mo rò pé á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wo ìka náà títí. Ó pe ìyàwó rẹ̀, ó ní kó lọ bá òun ra àbẹ́là ní òpópónà. Iná ò lọ. Nígbà tí obìnrin náà ti lọ, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Kò tíì kú nígbà tí a gbéra," ó ní. "Ó ń sáré bọ̀."

"Ó ku ìṣẹ́jú mélòó kó dé?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bóyá mẹ́ta. Ká ní a dúró, gbogbo wa ni wọn ì bá pa. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní nígbà yẹn, o mọ̀."

"Ẹ sọ fún mi pé ẹ́ńjìnnì mọ́."

"Ká ní mo sọ pé kò mọ́, ṣé wàá wà á?"

Mi ò ní wà á. Òun náà mọ̀ pé mi ò ní wà á. Ìdí tó fi purọ́ fún mi nìyẹn, torí ó mọ ẹni tí mo jẹ́.

"Ṣé ó pariwo?" mo ní.

"Ìwọ ló ń pè," Láyí ní. "Kì í ṣe èmi. Ariwo ọkọ̀ ni ò jẹ́ kó o gbọ́."

"Agolo rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà lórí ẹ́ńjìnnì títí a fi dé ọ̀hún. Ìgbà tí mo ní kó o sinmi ni mo mú un. Mi ò lè jù ú nù, àwọn èèyàn ń wò mí. Mo dà á sínú abọ́."

"Abọ́ wo, Ẹ̀gbọ́n?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún rẹ̀. Mo tún bi í.

"Ìwọ lo jẹ ẹ́, Dírẹ́bà."

Mo bì sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ti ń ka ẹ̀wà yẹn mọ́ oore tó ṣe mi. Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò lè bú u. Ká ní ọ̀tá ló ṣe é, ǹ bá mọ ohun tí n ó sọ. Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mi ò mọ̀ pé èmi gan-an ni ẹ̀fọ́. Ṣọ́ọ̀bù tó wá fún mi, iṣẹ́ tó ń gbé wá, àwọn ọmọ mi tó gbé mọ́ra, gbogbo rẹ̀ pátá ló ń fi bo ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ó di apá mi mú. "Má sọ fún ìyá rẹ̀. Arúgbó ni. Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

Mo já ọwọ́ mi gbà.

Láàárọ̀ Sátidé, mo lọ sí Okota. Ìyá Mùfú jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ń ṣa bọ́tìnnì, dúdú lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí o? Iléyá ti kọjá, kí lo tún wá gbà?" Ó ń fi mí ṣàwàdà.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní ìdájí yẹn àti ohun tí Láyí jẹ́wọ́. Mo sọ ti ẹ̀wà náà pẹ̀lú. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ìwọ tí o ní o rí i ńkọ́?"

"Mi ò rí i, Màmá. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Kò sunkún. Ì bá sàn fún mi ká ní ó sunkún.

"Ẹran tí mò ń gbé pamọ́ dè ẹ́ lọ́dọọdún," ó ní, "mo rò pé ẹni tó rí ìkẹyìn ọmọ mi ni mò ń fún."

Mo ní kó forí jì mí. Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní, "Ọdún tó ń bọ̀, má wá." Ó padà sídìí bọ́tìnnì rẹ̀. Nígbà tí mo wẹ̀yìn láti ẹnu ọ̀nà, ó ti ń da dúdú mọ́ funfun.

Mo rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Ó yẹ kí ìyà yẹn tó mi.

Ní ọjọ́ Ajé tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, lọ́rì ò sí níbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí mo gbé e lé wà lójú kan. Táyà iwájú méjèèjì tí mo tú fara ti ògiri. Pọ́ńpù wà lórí tábìlì mi. Mo pe Láyí, ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ búra pé òun ò rán ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, kì í gbé fóònù mi mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní bí ọkọ̀ ńlá bá ti ń kọjá nítòsí ilé, á pa gbogbo iná, á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo lọ bá bàbá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò wa. Èèyàn dáadáa ni, kì í mutí, kì í ṣe ẹlẹ́nu méjì.

Mo ní, "Bàbá, ta ló fa lọ́rì mi jáde?"

Ó ní, "Wọn ò fà á. Wọ́n wà á jáde ni, nídàájí ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n tó pe ìrun. Mo rí sójà kan lẹ́yìn ọkọ̀, òun nìkan, ó ń jẹun nínú agolo. Mo kí i, ó sì dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀."

"Dírẹ́bà ńkọ́? Ẹ rí ojú ẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tí orí rẹ̀ ti ń yí.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ ni? Ìwọ lo juwọ́ sí mi."

Ilé mi ni mo wà nídàájí ọjọ́ náà. Ìyàwó mi lè jẹ́rìí. Mo sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, a sì jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mi ò rí lọ́rì náà mọ́ títí di òní. Àwọn kan ní àwọn rí i ní ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú, àwọn kan ní àwọn rí i lẹ́bàá Òṣòdì, tó ń rọra lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ọkọ̀ tó ń wá ẹnìkan. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Ohun tí mo mọ̀ nìyí, mo sì ń kì yín nílọ̀. Ọ̀rẹ́ tó bá yára tù ẹ́ nínú, tó ti gbé oúnjẹ sí ẹ lọ́wọ́ kó o tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ tán, má jẹun. Bi í léèrè pé kí ni ó rí.

Bí ẹ bá sì wà lójú ọ̀nà Ìsọlọ̀ lówùúrọ̀ kùtùkùtù, tí lọ́rì àtijọ́ kan aláwọ̀ ewé dúró fún yín, ẹ má wọ̀ ọ́, bó ti wù kí ó rẹ̀ yín tó. Ẹ wo ojú dírẹ́bà dáadáa. Bó bá jọ mí, kì í ṣe èmi.